Jẹ̀díjẹ̀dí Lórí Awọ Àgbò

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí ní Ìlọrin. Ṣúgà ni. Ṣúgà ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìdí, tí í mú ibẹ̀ yún, tí í mú un ta, tí í sì mú un yọ síta. Rélùwéè ló sì gbé ṣúgà wá. Nítorí náà, bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun rẹ̀, òyìnbó tó la ojú irin ló fi àrùn yìí sí gbogbo wa nídìí. Mo gbọ́ àlàyé náà lẹ́nu àwọn àgbà tó ní láákàyè, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò ní, n kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú méjèèjì.

Èmi jẹ́ ẹni tí í yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó gbà á. Mo rò ó pé bàbá tó bí bàbá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ti kú kí ojú irin tó dé. Mo tún rò ó pé bàbá mi fúnra rẹ̀ kì í fẹnu kan ṣúgà. Ó ní ohun tó funfun tó bẹ́ẹ̀, tó tún wá dùn tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàì ní ẹ̀tàn nínú. Síbẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí mú un, ó mú un dáadáa. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ó wò mí tàánútàánú.

"Ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń lá ṣúgà ńkọ́?" ló wí.

Ẹ̀rí irú èyí kì í tán.

Áfáà ni bàbá mi. Tí Ràmàláànù bá dé, òun ló máa ń ṣe tàfúsíírì ní iwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Lẹ́yìn ìrun Àìlà títí di Làásàrì, á jókòó sórí awọ àgbò kan. Àbúrò rẹ̀, tí í ṣe ajánásì, á jókòó sórí ẹní ní iwájú rẹ̀, á ka ọ̀rọ̀ náà ní Lárúbáwá, bàbá mi á sì máa túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún èrò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n lórí awọ, àbúrò lórí ẹní. Bàbá kékeré mi yìí kò fi ìgbà kan sọ pé òun fẹ́ awọ náà. Ó kàn máa ń wò ó ni. Àṣà àdúgbò wa kò sì lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá dìde lórí awọ kí wọ́n tó ṣe àdúà ìparí ti fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Kò sí gbígbà padà. Mo bi àwọn àgbà léèrè ibi tí òfin yìí ti wá. Wọ́n ní láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni.

Ẹ wá fojú inú wo ọkùnrin tí ìdí ń yún, tí ó jókòó síwájú èrò láti Àìlà dé Làásàrì. Áfáà kì í họ ìdí ní gbangba. Ohun tí bàbá mi máa ń ṣe ni pé á rọra gbé ìwúwo ara rẹ̀ sí ọ̀tún, á di ojú, á deyín mọ́ ètè, á tún rọra gbé e sí òsì. Nígbà mìíràn omi á lé sójú rẹ̀. Àwọn èrò á sì máa fọwọ́ tọ́ ara wọn.

"Ẹ ò rí i bí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ṣe ń mì ín!"

"Súbúhánàlláhì! Ẹkún ló fẹ́ sun yẹn."

Òkìkí mímì yìí kan dé abúlé. Obìnrin kan fa ọkọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó lè rí bí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ṣe ń jókòó. Ọkọ náà wò ó, ó wò ó, ó ní òun gbà. N kò mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ yí padà nílé.

Èmi àti ìyá mi nìkan ló mọ òkodoro. Ìyá mi ló ń se àgbo fún un. Àgbo náà korò tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ tó bá gbóòórùn rẹ̀ fi máa ń yà kúrò lọ́nà. Bàbá mi ń mu ún láràárọ̀ láìráhùn, àfi ọjọ́ kan tó gbé igbá kalẹ̀ tó ní, "Ìyàwó mi, àgbo yìí ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu mi. Ìdí mi ni kò tíì gbọ́ pé mo mu ún."

Nígbà tí Ràmàláànù ọdún yẹn kù díẹ̀, mo gbọ́ tó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Kò fi ṣeré rárá. Ó ní, "Tọdún yìí, n ò rò pé mo lè jókòó dé àdúà." Ohùn tí bàbá mi fi sọ ọ́ ni ó mú mi pinnu pé n óò wá nǹkan ṣe.

Mo ní ibi tí mo lè wá a dé. Nígbà tí òyìnbó ní kí àwọn ilé ńlá mú ọmọ wá fún ilé-ẹ̀kọ́ òun, àwọn ọlọ́gbọ́n mú ọmọ ẹrú wọn lọ, wọ́n ní ọmọ àwọn ni. Bàbá mi, tó ka irọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ àní bí a bá ń pa á fún òyìnbó, mú èmi lọ. Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé nìyẹn, tí wọ́n sì fi mí ṣe ògbufọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Apoògùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ará Èkó, onígbàgbọ́, ọkùnrin tí í wọ bàtà aláwọ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin. Mo dúró títí èrò fi dín kù díẹ̀ kí n tó sún mọ́ ọn.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní oògùn ìdí tó ń yún?"

"Ìdí ta?"

"Ti ẹnì kan ni."

"Ẹnì kan." Ó wo ìdí mi. "Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń yún ẹnì kan?"

"Ọ̀gá, kì í ṣe èmi o."

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí o tó mọ ewì yàtọ̀ sí orin. Ẹni tó ni ín kì í wá rí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń wá. Jókòó."

Mo jókòó.

"Ó dùn ẹ́ bí o ṣe jókòó yẹn?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Akọni ni ẹ́."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn aláìsàn tó ṣẹ́kù lórí àga gígùn mi orí sí mi, àwọn kan sì ṣàdúà fún mi. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí mú ọmọ áfáà tó lọ kàwé òyìnbó. Wọ́n ní àga òyìnbó ló fà á. Àwọn tí kò gbà pé àga ni, wọ́n ní ṣúgà ni. N kò jiyàn. Bí mo bá ní kì í ṣe èmi, wọn á bi mí pé ta ni.

Apoògùn náà ṣàlàyé pé ìpara kan wà. Ìyẹ̀fun kan tí í mú ara súnkì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lára oògùn tí í mú ara kú tipiri, tí ẹran ara kò fi ní mọ̀ pé ó ń yún. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fi ń pò ó.

"Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó nìyẹn."

"Ọ̀gá, kò ṣeé ṣe."

"Kí ni kò ṣeé ṣe? Mo ní kí o jẹ ẹ́ ni?"

"Òrí wà lọ́jà, ọ̀gá. Òrí kì í ṣe ọ̀rá tó burú."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Ẹ̀yin ará Ìlọrin yìí! Iná ń jó yín nídìí, ẹ ṣì ń yan ọ̀rá."

Mo ra òrí wá. Mo sì tún ní kí ó jẹ́ kí n fọ odó kékeré tó fẹ́ fi pò ó, torí n kò mọ ohun tó ti kọjá nínú rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo ṣàn án, mo tún fọ̀ ọ́.

"Ó tó," ló wí. "Àbí ó fẹ́ kírun ni?"

Nígbà tó pò ó tán, ó kó o sínú agolo kékeré kan, ṣùgbọ́n kò fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Gbọ́ o. Èyí kì í wo jẹ̀díjẹ̀dí. Yíyún ló ń pa. Kí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ sí i, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó sì dáwọ́ dúró. Bí ó bá sọ ọ́ di oúnjẹ, awọ ibẹ̀ á gbẹ, á máa ya. Yíyún tó máa padà wá, á ní kí èyí tó lọ wá kọ́ṣẹ́." Ó gbé agolo náà fún mi. "Sọ fún ẹnì kan bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi kò gba agolo náà kí ó tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi pò ó?"

"Òrí ni, Bàbá."

"Wọ́n sọ fún ọ ni, àbí o rí i?"

"Mo rí i. Èmi ni mo ra òrí náà."

"Odó ńkọ́?"

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ onígbàgbọ́ náà?"

"Bàbá, n kò lè ní kí ó jẹ́ kí n fọ òun náà."

Ó rò ó. Ó ní lárúrà, ọ̀ràn túláàsì, gbà á láyè. Mo jíṣẹ́ apoògùn fún un ní kíkún: díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó gbé agolo wọlé, nígbà tó sì jáde wá, ó jókòó sórí ẹní bí ẹni tí kò rí àìsàn rí. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó wo ẹní náà. Ó ní, "Mo ti gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe ń rí lábẹ́ ènìyàn."

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Ìbá parí, bí kì í bá ṣe pé áfáà ni aláìsàn náà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mùsùlùmí kì í ti ilé ìgbẹ́ bọ̀ láìfi omi bùtà fọ ara rẹ̀, àti pé bàbá mi máa ń ṣe èyí kí ó tó ṣe àlùwàlá ìrun kọ̀ọ̀kan, yálà ó yàgbẹ́ o, tàbí kò yà á. Omi á sì fọ ìpara dànù. Bàbá mi á wá tún un fi sí i. Nígbà tí mo rí i pé ìpara inú agolo náà ń yára tán, mo rán an létí ohun tí apoògùn wí.

"Ó ní lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń fi sí i."

"Bàbá, ẹ fi sí i ní Àsùbáà, ẹ tún fi sí i ní Àìlà."

"Ti Àsùbáà ti bá omi lọ. Ohun tí kò sí mọ́, ṣé a lè kà á mọ́ ohun tó wà? Èyí tó wà níbẹ̀ yìí ni àkọ́kọ́."

Mo wá ibi tí àlàyé náà ti já, n kò rí i. Nípa ìlànà yìí, bàbá mi kò lo ìpara ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí mo ti gbé e dé, agolo náà sì tán. Mo gba òmíràn. Apoògùn ní ẹnì kan yìí mà ní ìdí tó tóbi o.

Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá mi ń jókòó gbọnrangandan níwájú àwọn tó ń kéwú lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò mì mọ́. Kò di ojú mọ́. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ọkàn áfáà ti le. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ni ìbẹ̀rù Ọlọ́run ti kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti bàbá kékeré mi, tí ara rẹ̀ dá ṣáká, tí ó sì ti ń mì báyìí, ó ń mì lọ́tùn-ún, ó ń mì lósì, láìsí ohun kan tó ń ṣe é.

Nígbà tí Ràmàláànù wọlé, ọ̀rọ̀ apoògùn ṣẹ. Awọ ibẹ̀ gbẹ, ó ya, yíyún padà wá pẹ̀lú ìbínú. Bàbá mi sì dáwọ́ ìpara dúró ní ọ̀sán pátápátá, torí ó ń bẹ̀rù pé díẹ̀ lè wọnú, kí ó ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgbà sàárì nìkan ló ń fi sí i. Kí Àìlà tó tó, kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Ojoojúmọ́ ni mo ń wo iṣan iwájú orí bàbá mi tó ń wú bó ti jókòó sórí awọ yẹn. Mo sì kíyè sí nǹkan mìíràn. Bàbá kékeré mi ní ohùn dídùn, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà máa ń gùn sí i nígbà tí bàbá mi bá ń yí ìdí. Bí bàbá mi bá jókòó jẹ́ẹ́, àbúrò rẹ̀ á ka díẹ̀, á dákẹ́ kí ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀. Bí bàbá mi bá ti gbé ìwúwo sí ọ̀tún, àbúrò á fa ọ̀rọ̀ gùn, á yí ohùn sókè, á yí i sísàlẹ̀, àwọn èrò á máa ké "Alihamudulilááhì!" N kò fẹ́ ṣi ènìyàn rò, mo fara balẹ̀ wò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá kíkà dúró láàárín, ó kọjú sí bàbá mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú nítorí ọmọ wa yìí." Ó nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí. "Gbogbo ayé ló gbọ́ pé ìdí ń yún un, ó sì ń gba ìpara lọ́wọ́ onígbàgbọ́. Bí aláàwẹ̀ bá fi ìpara sí ìdí lọ́sàn-án, ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì wà?"

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Bàbá arúgbó kan tí í hun aṣọ, tí í jókòó níwájú nítorí etí rẹ̀, na ọrùn.

"Ibo ló fi í dé? Ẹnu ọ̀nà ni, àbí ó wọlé?"

"Ó kù sí ìka tó fi ṣe é," ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ìka wo?"

"Ẹ bi í."

Mo wo ilẹ̀. Mo ti kàwé, mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òyìnbó níwájú àwọn ìjòyè, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè sọ nípa ìka mi.

Mo mọ̀ pé bàbá mi mọ èsì náà, ó ti kọ́ ọ fún ènìyàn púpọ̀: ohun tí kò bá wọ inú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Gbólóhùn kan péré ni, awọ á wà ní ipò rẹ̀, ìtìjú á wà ní ọ̀dọ̀ tèmi.

"N ò lè dáhùn," ló wí.

Ojú bàbá kékeré mi tàn. "Ẹ ò lè dáhùn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹni tó ni ẹjọ́ kì í dá a. Ìdí tí ẹ ń sọ yìí kì í ṣe ti ọmọ mi."

Bàbá ahunṣọ fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí. "Ti ta?"

"Tèmi. Ó ti pẹ́. Gbogbo mímì tí mò ń mì lórí awọ yìí, òun ni."

Ohùn obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí àwọn obìnrin jókòó sí. "Gbogbo rẹ̀, Áfáà?"

Bàbá mi rò ó, torí kì í fẹ́ sọ ohun tó ju òtítọ́ lọ. "Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀," ló wí. Ó wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ ni ara rẹ dá. Ìwọ ni kí o dá ẹjọ́ náà."

Bàbá kékeré mi tún láwàní rẹ̀ ṣe. Ó la ẹnu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé yóò ní ààwẹ̀ ti bàjẹ́.

"Rọra o, ajánásì," bàbá ahunṣọ wí. "Kí o tó dá a, jẹ́ kí n sọ fún ọ pé mo fi òrí sí tèmi láàárọ̀ yìí."

"Oòrùn ti yọ?" bàbá kékeré mi bi í.

"Ó ti yọ dáadáa."

"Èmi náà," ni ẹnì kan wí. Ẹlòmíràn wúkọ́, kò sì sọ ohun tó ń wú u níkọ́. Mo wo yíká, ó sì yà mí lẹ́nu iye àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi jókòó. Gbogbo wọn ló ń wo bàbá kékeré mi, wọn kò sì wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Ẹni tó bá sọ fún irú èrò bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n lọ san ààwẹ̀ wọn padà, kí ó tètè wá ibòmíràn tí yóò ti máa kéwú.

"Ọlọ́run ló mọ̀ jù," ni bàbá kékeré mi wí.

"Ó mọ̀," bàbá mi dáhùn. "Ìwọ ńkọ́?"

"Tí kò bá wọlé... kò bàjẹ́."

Àwọn èrò mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Làásàrì ṣì jìnnà, mo sì rí òógùn tó ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ojú bàbá mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé ìdí sókè kúrò lórí awọ. Ìyá mi pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Eékún bàbá kékeré mi ti kúrò lórí ẹní tirẹ̀, ó ti kan etí awọ.

Bàbá mi kò dìde. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ gbọọrọ lórí awọ náà, ó fi ọwọ́ ṣe ìrọ̀rí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti dìde!"

"Ibo ni mo dìde dé? Ilẹ̀ ni mo tún lọ sí i."

"Ṣé ẹ óò dùbúlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni?"

"Aláìsàn ń fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kírun, Ọlọ́run ń gbà á. Ṣé tàfúsíírì ju ìrun lọ ni?"

"Kò dìde," bàbá ahunṣọ sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ojú mi ló ṣe. Kò dìde."

Bàbá kékeré mi wo èrò, bóyá ẹnì kan á bínú lọ. Kò sí ẹni tó kúrò. Ó wo awọ náà. Bàbá mi ga, ó sì gba orí rẹ̀ dé ìdí, kò ku àyè tí eékún kan lè gbà.

"Kà, àbúrò mi," ni bàbá mi wí.

Ó kà.